Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà?

Ìjì kan jà lóru nínú oṣù kẹfà, ó sì da àgbàdo ẹ̀yìnkùlé wa dùbúlẹ̀ gbalaja. Èmi ti ń rò ó pé ká fà á tu, ká kó o fún ewúrẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, orí wọn ti ń yọ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. Ìdí igi àgbàdo náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wó sí, kò dìde rárá. Oríkèé ló tẹ̀. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, apá tó kọjú sí ilẹ̀ ti wú, ó sì ti gùn ju apá tó kọjú sókè lọ, ìyẹn ló ń ti igi náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tún kọrí sójú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀pá gbé e ró.

Oòrùn kọ́ ló ń tọ́ ọ sọ́nà o. Bí ẹ bá da àgbàdo bẹ́ẹ̀ sínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, yóò ṣì gbìyànjú láti gbórí sókè. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Kò lójú, kò létí, kò ní ọpọlọ, síbẹ̀ ó mọ̀.

Ìbéèrè nípa bó ṣe mọ̀ ọ́n ti kúrò ní ti àgbẹ̀ nìkan báyìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, Suni Williams àti Butch Wilmore, arìnrìn-àjò ojú sánmà méjì ará Amẹ́ríkà, padà sáyé, wọ́n balẹ̀ sínú omi òkun nítòsí Florida lẹ́yìn ọjọ́ 286 lójú sánmà. Ìrìn-àjò ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n bá lọ kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ tó níṣòro. Gbogbo ayé ló rí bí wọ́n ṣe ń gbé wọn jáde, tí wọ́n tẹ́ wọn sórí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ara wọn yá, àìsàn kankan ò ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gba gbogbo ẹni tó bá pẹ́ lókè bẹ́ẹ̀. Ara tó ti gbàgbé ìwúwo ni wọ́n gbé bọ̀. NASA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú sánmà, sọ pé eegun tó ń gbé ara ró máa ń dín ní ìdá kan sí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lójú sánmà. Ohun tí eegun arúgbó ń pàdánù lọ́dún kan nìyẹn, òun ni akọni tó ń ṣe eré ìdárayá ń pàdánù lóṣù kan. Wákàtí bíi méjì ni wọ́n sì ń fi ṣe eré ìdárayá náà lójoojúmọ́. Bí orílẹ̀-èdè ṣe ń múra láti gbé ènìyàn lọ gbé orí òṣùpá, tí wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ Mars, ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó lè dá wọn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì sọ. Wọ́n á ní kò sí òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, lókè ibẹ̀. Ó wà. Ibùdó tí àwọn arìnrìn-àjò yẹn ń gbé kò ju bíi 400 kìlómítà lọ sókè, òòfà ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ibi tí a wà yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibùdó náà, àwọn tó wà nínú rẹ̀, ife omi wọn àti ẹ̀jẹ̀ ara wọn jọ ń já bọ̀ yípo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé gbogbo wọn jọ ń já bọ̀, kò sí èyí tó ń tẹ èkejì. Ẹsẹ̀ kò tẹ ilẹ̀, ọrùn kò ru orí.

Àlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ yẹn. Òòfà fúnra rẹ̀ kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun alààyè, ń mọ̀. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, tí ó fà á, tí ó nà án, tàbí tí omi bá ń fọn kọjá lára rẹ̀, ìyẹn ló mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ìwúwo tirẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan. Bí ara bá wá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ wà, àfi kí ó wá ohun wúwo kan, kí ó gbé e síbi tí yóò ti máa tẹ nǹkan mìíràn, kí ó sì fi ẹnìkan ṣọ́ ọ.

Ohun tí irúgbìn ṣe gan-an nìyẹn. Ní ọdún 1806, Thomas Andrew Knight, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, so èso ẹ̀wà mọ́ ara àgbá kẹ̀kẹ́ tí omi odò ń yí nínú ọgbà rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń yí kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí agbára yíyí rẹ̀ fi bo òòfà ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí èso hù, gbogbo gbòǹgbò kọrí síta, ọ̀mùnú sì kọrí sí àárín kẹ̀kẹ́. Ibi tí agbára bá tì wọ́n sí ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀. Ní 1880, Charles Darwin àti Francis ọmọ rẹ̀ fi hàn pé ṣóńṣó gbòǹgbò ló ń mọ ìsàlẹ̀: bí wọ́n bá gé ibẹ̀ kúrò, gbòǹgbò á ṣì máa gùn ṣùgbọ́n kò ní mọ ọ̀nà mọ́. Ní 1900, onímọ̀ méjì tí kò sí níbì kan náà, Haberlandt àti Němec, tọ́ka sí ohun tó wà níbẹ̀. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó gbòǹgbò, àwọn àpò kéékèèké wà tí sítáàṣì kún inú wọn, irú sítáàṣì kan náà tó wà nínú ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Àwọn àpò yìí wúwo ju omi inú sẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí náà wọ́n á rì sílẹ̀ bí ògì ṣe ń rì sílẹ̀ nínú ìkòkò. Tí ẹ bá dojú gbòǹgbò kọ ẹ̀gbẹ́, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àpò wọ̀nyẹn á ti yí lọ sí apá tó di ìsàlẹ̀ tuntun.

Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sẹ́ni tó lè sọ bí àpò tó rì ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì. Ọdún 2023 ni ìdáhùn kan tó dúró dé, láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà àti Japan. Àwọn purotéènì kan (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀) wà tí wọ́n ń pè ní LAZY, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpò sítáàṣì. Bí àpò bá ti sún mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, purotéènì náà á fò kúrò lára àpò, á lọ lẹ̀ mọ́ awọ yẹn. Àmì ilẹ̀ nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì á ti máa darí èròjà tó ń mú irúgbìn gùn, tí wọ́n ń pè ní auxin, sí apá ìsàlẹ̀. Nínú gbòǹgbò, èròjà yìí tó bá pọ̀ jù a máa dá gígùn dúró, nítorí náà gbòǹgbò á tẹ̀ wálẹ̀. Nínú igi òkè, ńṣe ló ń mú un gùn sí i, nítorí náà igi á tẹ̀ sókè. Ohun tí mo rí ní oríkèé àgbàdo wa lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Orúkọ náà, LAZY, tó túmọ̀ sí ọ̀lẹ, wá láti ara irúgbìn tí jíìnì purotéènì yìí, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é, bàjẹ́ lára rẹ̀: ṣe ló ń sùn sílẹ̀, kò lè nàró.

Ara tiwa náà kó ohun wúwo pamọ́. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí a fi ń gbọ́rọ̀, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n jókòó lórí ìpele kan tó rọ̀ bí ògì dídì. Èròjà tí wọ́n fi ṣe wọ́n ni wọ́n fi ṣe ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin. Lábẹ́ wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà. Bí ẹ bá dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta á yọ̀, irun á tẹ̀, okùn tín-ín-rín tó so orí irun kan mọ́ èkejì á fà, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè lọ sí ọpọlọ. Nígbà tí àwọn ìyá wa bá ń wẹ ọmọ, tí wọ́n jù ú sókè tí wọ́n tún hán an, òkúta wọ̀nyẹn ló ń sọ fún ọmọ pé ó ti kúrò nílẹ̀, kí ó tó figbe ta. Tí òkúta díẹ̀ bá já kúrò láyè rẹ̀ bọ́ sí ihò mìíràn nínú etí, bó ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbàlagbà, ilé á máa yí ènìyàn po bó bá ti yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà tó mọ̀ ọ́n lè fi dídẹ orí síbí sọ́hùn-ún dá a padà, láìlo oògùn. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ló ń fi òòyì yìí sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ń rò pé ayé ló ń ṣe wọ́n.

Ilẹ̀kùn yẹn wá ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí.

Ní ilé ìwádìí Scripps ní California, Ardem Patapoutian, ẹni tí wọ́n bí ní Beirut tó sá fún ogun Lebanon lọ sí Amẹ́ríkà, àti Bertrand Coste tó ń bá a ṣiṣẹ́, wá sẹ́ẹ̀lì eku kan tó máa ń ta pútú bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á mú ọ̀pá gíláàsì tí ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ, wọ́n á rọra fi tẹ sẹ́ẹ̀lì, iná mànàmáná díẹ̀ á sì sáré kọjá lára awọ rẹ̀. Wọ́n wá ṣa jíìnì 72 tí wọ́n fura sí. Wọ́n ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń wò ó bóyá iná náà á ṣì sáré. Àkọ́kọ́, ó sáré. Èkejì, ó sáré. Ìkẹwàá, ìkẹtàdínlógún, àádọ́ta, ó ń sáré. Iṣẹ́ yẹn gbà wọ́n tó ọdún kan. Ìgbà tó kan jíìnì kejìléláàádọ́rin, èyí tó gbẹ̀yìn lórí ìwé, wọ́n tẹ sẹ́ẹ̀lì, ó sì dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n sọ ọ́ ní Piezo1, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí títẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni Piezo2. Wọ́n gbé ìròyìn náà jáde ní 2010, ní 2021 sì ni Patapoutian àti David Julius jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Bí ènìyàn bá rí àwòrán Piezo, ó jọ fáànù òrùlé alápá mẹ́ta. Abẹ́ fáànù náà ni ihò wà, ó ti pa. Àwọn apá rẹ̀ tẹ̀, wọ́n mú kí awọ sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká jìn kòtò bí inú igbá. Nígbà tí nǹkan bá na awọ náà, igbá á tẹ́ pẹrẹsẹ, apá fáànù á nà, ihò á sì ṣí. Kálísíọ́ọ̀mù á rọ́ wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí a pín sí ẹgbẹ̀rún, títẹ̀ ti di ọ̀rọ̀.

Ẹ di ojú yín, kí ẹ fi ìka kan imú. Ìka yín ò ní ṣìnà. Piezo2 ló ń sọ fún yín ibi tí apá yín wà, nítorí ó wà nínú iṣan, ó ń mọ bí iṣan ṣe nà tó. Ní 2016, àwọn dókítà ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 kan àti ọ̀dọ́bìnrin ọlọ́dún 19 kan tí wọ́n bí láìsí Piezo2 tó ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá wà, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n ń rìn. Bí wọ́n bá fi aṣọ di wọ́n lójú, wọ́n á ṣubú. Bí ènìyàn bá di ìka wọn mú tó gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, wọn ò lè sọ ọ̀nà tó lọ. Wọ́n ń mọ iná tó jó wọn, wọ́n ń mọ tútù, ṣùgbọ́n ara tiwọn fúnra wọn sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn.

Piezo wà níbi púpọ̀: nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, níbi tí ara ti ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru, nínú àpò ìtọ̀, níbi tó ti ń sọ fún wa pé ó tó àkókò. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ẹ̀jẹ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ní láti fún ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín ju òun alára lọ, Piezo1 sì ni ó fi ń mọ̀ pé nǹkan ń fún òun. Ní 2018, ẹgbẹ́ Patapoutian ṣàwárí pé irú Piezo1 kan tó yàtọ̀ díẹ̀ wà lára bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn tó jẹ́ ìran Áfíríkà. Tirẹ̀ kì í tètè pa bó bá ti ṣí. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ náà á máa pàdánù omi, á gbẹ díẹ̀, kòkòrò ibà kò sì ní rójú gbé inú rẹ̀ dáadáa. Eku tí wọ́n fún ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà tó ń gun orí. Ní 2020, ìwádìí lára àwọn ọmọdé ní Gabon tún tọ́ka sí ibì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ààbò náà ṣe lágbára tó lára ènìyàn. Ìran wa mọ àwọn àmì mìíràn tí ibà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ AS àti SS tí a fi ń bi ara wa kí a tó fẹ́ ara wa. Ó ṣeé ṣe kí èyí náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe fún títẹ̀ tó wá di ohun ìjà, láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé Bàháíà ní Brazil.

Mo fẹ́ padà sórí eegun, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí i.

Ìyá mi àgbà ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìdí rẹ̀ sán. Fún ọ̀sẹ̀ méje, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Èmi ni mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé àtẹ́lẹwọ́ mi kan ti ń yí ojúgun rẹ̀ ká, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó sán kọ́ ni, èkejì tí nǹkan kan ò ṣe ni. Oúnjẹ kò wọ́n ọn. Ohun tó wọ́n ọn ni ìwúwo ara rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Eegun kì í ṣe òkúta. Inú rẹ̀ kún fún sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nínú àwọn yàrá kóńkóló, tí ojú ọ̀nà tín-ín-rín so pọ̀ mọ́ra, omi sì wà nínú ojú ọ̀nà yẹn. Ìgbàkígbà tí a bá gbẹ́sẹ̀ tí a tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, eegun á tẹ̀ díẹ̀ tí ojú ò lè rí, omi á fọn kọjá lára sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì mọ̀ pé wọ́n ń lò wọ́n. Bí omi náà kò bá fọn mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní sclerostin, tó ń sọ fún àwọn tó ń mọ eegun pé kí wọ́n sinmi iṣẹ́. Àwọn tó ń wó eegun kò sì sinmi ní tiwọn. Láti 1892 ni Julius Wolff, dókítà ará Jámánì, ti kọ ọ́ pé eegun ń mọ ara rẹ̀ bí ẹrù tó ń rù bá ṣe rí. Ẹ wo àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì láti kékeré: eegun apá tí wọ́n fi ń di igi gbígbá mú nípọn ju ti èkejì lọ. Ní orílẹ̀-èdè South Africa, àwọn ìdílé kan wà láàárín àwọn Afrikaner tí jíìnì sclerostin ti bàjẹ́ lára wọn. Eegun wọn kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, ó ń nípọn títí tó fi ń há iṣan orí mọ́lẹ̀. Láti ara ìyà tiwọn ni wọ́n ti rí ọ̀nà ṣe oògùn tó ń di sclerostin lọ́wọ́, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn ìyá tí eegun wọn ti ń fúyẹ́.

Arìnrìn-àjò ojú sánmà àti ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Calgary, ní Kánádà, kọ̀wé nípa arìnrìn-àjò 17 tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n padà dé. Eegun ojúgun àwọn 9 nínú wọn kò tíì padà sípò.

Ti ọmọ ogun ara náà ń kóni láyà sókè. Ní 1983, Augusto Cogoli, onímọ̀ ará Switzerland, rán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ènìyàn lọ sójú sánmà nínú ike. Ó fún wọn ní èròjà tó máa ń jí wọn dìde sí ogun. Èyí tó wà nílẹ̀ dìde. Iṣẹ́ tí èyí tó wà lókè ṣe kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yìí kò ní òkúta, kò ní àpò sítáàṣì. Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé ìwúwo ti lọ? Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ohun tó yí i ká ló yí padà: omi kò rú bíi ti ilé, sẹ́ẹ̀lì kò rì kan ìsàlẹ̀ ike kí ó lè rí ibi dì mú. Àwọn kejì ní àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn, tí wọ́n máa ń fà le bí okùn àgọ́, ló dẹ̀ jù. Ní tèmi, mo rò pé àwọn àkọ́kọ́ ló sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí kò rí nǹkan dì mú kì í ṣe dáadáa nílẹ̀ níbí pàápàá.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá ní rọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣe ìwádìí yìí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó rọra ń yí irúgbìn po láìdúró, tí ìsàlẹ̀ fi ń di òkè, tí òkè ń di ìsàlẹ̀, àpò sítáàṣì ò sì ní ráyè jókòó síbì kan. Ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú sánmà, NASRDA, ní irú rẹ̀, wọ́n sì ti fi yí irúgbìn tí à ń jẹ nílé wa. Gbòǹgbò tó bá hù lórí ẹ̀rọ yìí kì í mọ ibi tí ì bá gbà, ó kàn ń rìn gbéregbère.

Ìbéèrè tó kù tí wọ́n ń lé báyìí ni pé ìwúwo mélòó ló tó. Ìwúwo lórí òṣùpá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé, ti Mars sì jẹ́ bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Ará Japan ṣe ẹ̀rọ kan sínú yàrá wọn ní ibùdó ojú sánmà, ó ń fi eku yí kí wọ́n lè ní ìwúwo tí ẹni tó bá wà lórí òṣùpá máa ní. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ni pé iṣan ẹsẹ̀ àwọn eku náà kò joro bíi ti àwọn tó ń fò láìní ìwúwo rárá. Ṣùgbọ́n irú iṣan náà ti yí padà: èyí tó ń fara da ìdúró pípẹ́ dínkù, èyí tó ń yára tó sì tètè ń rẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ìwúwo òṣùpá tó láti pa ẹran ẹsẹ̀ mọ́, kò tó láti jẹ́ kí ó máa bá a lọ bí ẹsẹ̀ tó ń dúró lórí ilẹ̀.